Dùùrù Tó Wà Lábẹ́ Ibùsùn Ìyá Mi

Nígbà tí bàbá mi sọ fún mi pé òun fẹ́ kan dùùrù, mo rò pé ebi ló ń pa á, mo sì lọ gbé oúnjẹ wá. Ó jẹ oúnjẹ náà tán, ó nu ẹnu, ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Kì í ṣe dùùrù oníná tí wọ́n ń ki wáyà rẹ̀ bọ ògiri ló ní lọ́kàn. Dùùrù gidi ni, tí ẹsẹ̀ ń tẹ ẹwìrì rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń gba inú àpótí lọ sínú fèrè igi, tí fèrè kọ̀ọ̀kan sì ní ohùn tirẹ̀. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tó kọ́kọ́ kan irú rẹ̀ láyé, ta ló kọ́ òun náà?

Ẹ wo irú èèyàn tí mo ń bá gbé.

Káfíńtà ni bàbá mi. Àga, tábìlì àti ilẹ̀kùn ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kàn. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ké, àga rẹ̀ kì í mì. Ó ti fẹ̀yìn tì ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe àga fún àwọn ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbà pé òun ti fẹ̀yìn tì. Tí kò bá rí nǹkan kàn, á tú ohun tó ti kàn palẹ̀, á tún un kàn. Èmi nìkan ni ọmọ tó kù lọ́dọ̀ òun àti ìyá mi. Aṣọ ni mo ń rán nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pálọ̀, mo sì tín-ín-rín, nítorí náà Alábẹ́rẹ́ ni bàbá mi ń pè mí. Ó ní orúkọ náà bá iṣẹ́ mi mu, ó sì tún bá ìdúró mi mu.

Ìyá mi ni ọ̀rọ̀ dùùrù náà dá lé. Atẹdùùrù ni ní ṣọ́ọ̀ṣì kan tí kò jìnnà sí wa, kó tó di pé ó yọ̀ ṣubú, tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Wọ́n tò ó fún un ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kó máa lọ sinmi nílé. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré ni ilé wa. Yàrá kan ṣoṣo ló wà lókè, orí pálọ̀ ló wà, pákó sì ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Tí èèyàn bá sín nísàlẹ̀, ẹni tó wà lókè á kí i pẹ̀lẹ́. Àtẹ̀gùn wa ga, ó sì há, ìyá mi kò lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Òkè yẹn ló ń gbé, lórí bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí fèrèsé. Bàbá mi wá rò ó pé bí òun bá gbé dùùrù kalẹ̀ sí pálọ̀, lábẹ́ ibi tó dùbúlẹ̀ sí gan-an, ohùn rẹ̀ á gba àárín pákó lọ bá a. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì mókun, òun fúnra rẹ̀ á sọ̀kalẹ̀ wá tẹ̀ ẹ́. Ìfẹ́ ni, kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. N kò lè bínú sí i nítorí ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo gbìyànjú.

Àwọn fèrè tó kọ́kọ́ kàn bàjẹ́. Pákó tuntun ló rà, omi ṣì wà lára rẹ̀. Ó fá a, ó fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bí àpótí gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gé ẹnu sí i nísàlẹ̀. Ó dún dáadáa. Nígbà tí pákó gbẹ, ó là, afẹ́fẹ́ wá ń gba ojú ibi tó là jáde, ohùn fèrè náà sì há bí ohùn ẹni tí òtútù mú. Ó kan òmíràn, ó tún là. Ó ní igi tó ti pẹ́ nínú ilé ni òun nílò, èyí tí òjò kò pa, tí oòrùn kò sì pa, tó ti gbẹ dénú. Ó jókòó ti àwọn fèrè tó là, ó fajú ro. Ẹni tó máa ń súfèé tó bá ń ṣiṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá mi ti ṣubú, n kò gbọ́ súfèé lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Mo gbé aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà mi lọ́jọ́ kan. Nígbà tí mo fi máa padà dé, pálọ̀ kún fún eruku, bàbá mi dúró lórí àkàbà, ó ń kan sílìn padà. Ó ní òun ń tún un ṣe ni, ó ti ń jábọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, igi dúdú gbọọrọ tó gbẹ kanrinkanrin wà nílẹ̀.

"Bàbá, níbo lẹ ti rí irú igi yìí?"

"Ibi tó ti ń dúró dè mí ni mo ti rí i."

Ó fi egungun ìka kan ọ̀kan nínú wọn, ó tẹ́tí sí i, ó rẹ́rìn-ín. Ó mú ìfági, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ń súfèé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, mo ń gbọ́ ọ, omi bọ́ lójú mi. Mo tilẹ̀ dúpẹ́. Ká ní mo mọ ibi tí igi náà ti wá ni, ǹ bá ti ké lọ sí títì.

Kò sí fèrè tó là mọ́. Wọ́n ń pọ̀ sí i, kékeré àti ńlá, wọ́n tò sórí àpótí afẹ́fẹ́. Èyí tó ga jù nínú wọn dúró ní àárín, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan sílìn. Gbogbo àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí pe bàbá mi ní Bàbá Fèrè. Bíríkìlà kan tó ń gbé ọ̀ọ́kán wa, ọkùnrin títóbi tó lẹ́nu, kì í kọjá láìyọjú sí fèrèsé wa.

"Bàbá Fèrè, ọmọ yín yìí ńkọ́? Ṣé ó ti ń rìn?"

"Ó ti ń rá," bàbá mi á dáhùn, á sì fọwọ́ pa dùùrù náà lórí.

Ọjọ́ tí fèrè gíga yẹn kọ́kọ́ dún, òkè ni mo wà lọ́dọ̀ ìyá mi. Bí ọkọ̀ ńlá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí wọn kò sì pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi gbọ́ ọ kí etí mi tó gbọ́ ọ. Mo wo ife omi tó wà lórí tábìlì ìyá mi lẹ́bàá ògiri. Omi inú rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá mi náà ń wò ó. Ó di etí bẹ́ẹ̀dì mú.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́. Ilẹ̀kùn yàrá òkè, tí bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, bẹ̀rẹ̀ sí ha ilẹ̀. Ìgò oògùn bọ́ lọ́wọ́ mi, ó yí gbirigbiri lọ sí àárín yàrá, ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá gbé oúnjẹ gòkè, pákó á ké lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, èmi náà á dúró gbári. Mo sọ fún bàbá mi pé ilẹ̀ òkè ń mì.

"Alábẹ́rẹ́, aṣọ lo mọ̀," ó ní. "Fi igi sílẹ̀ fún onígi."

Ìyá mi alára tún ń dẹ́rù bà mí. Nígbà tí àwọn fèrè ṣì ń là, ó ti ń fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀ dé ìdí fèrèsé, á sì bú ọ̀pá náà bó ti ń lọ. Lójijì, ó ṣíwọ́ rírìn. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ síhà ògiri, kò sì yí padà mọ́. Tí mo bá fẹ́ nù ún lára, á ní kí n rọra, kí n má gbé òun sókè. Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wò ó kìlọ̀ pé tí kò bá ń yí ara padà, ìhà rẹ̀ á di egbò. Ìyá mi ní, "Ẹ jẹ́ kí n sinmi." Nọ́ọ̀sì wò mí, ó mi orí. Mo rò pé ayé ti sú u ni. Mo máa ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ẹ̀rù ikú rẹ̀ á bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò ní lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Nísàlẹ̀, bàbá mi ń súfèé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, mo gun àpótí ìjókòó láti nu eruku orí àwọn fèrè, bí mo ti máa ń ṣe. Bàbá mi ní kí n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun fẹ́ fa fèrè gíga yọ láti tún ẹnu rẹ̀ ṣe, torí ohùn rẹ̀ ti ń ṣàárẹ̀. Ó fà á, kò wá. Ó tún fà á, kò mira. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé ó wú ni, ó sì lọ mú òòlù láti gbá a yọ nídìí.

N kò tíì sọ̀kalẹ̀. Mo fẹ́ yára nu orí fèrè náà kó tó gbá a, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ọwọ́ mi kò wọlé. Láti ìgbà tó ti gbé e dúró síbẹ̀, ọwọ́ mi máa ń kọjá láàárín orí rẹ̀ àti sílìn pẹ̀lú aṣọ. Mo gbójú sókè. Sílìn ti yọ ikùn, ikùn náà sì ti jókòó lé orí fèrè.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ tó gbé òòlù sókè mú.

"Bàbá, ẹ má gbá a."

"Kí ló dé?"

"Ẹ wòkè."

Ó wòkè. Ẹni tó ti ń bá pákó gbé láti kékeré, kò yẹ kí n ṣàlàyé fún un. Òòlù náà rọra sọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi kan itan rẹ̀. Ìyá mi wúkọ́ lókè. Bó ti wúkọ́, eruku díẹ̀ já bọ́ láti orí sílìn sí èjìká bàbá mi.

"Níbo lẹ ti rí igi yẹn?" mo bi í. Mo ti mọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

"Igi àjà ni," ó ní. "Àwọn tó gbé pákó òkè dúró. Wọ́n pọ̀ jù, Alábẹ́rẹ́. Ṣé ẹṣin làwọn tó kọ́ ilé yìí fẹ́ so sókè ni? Mo yọ díẹ̀, mo fi díẹ̀ sílẹ̀."

"Èwo lẹ yọ?"

"Mo fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ń dún ketekete ni mo mú. Irú ẹ̀ ló ń ṣe fèrè."

"Èyí tí kò dún ńkọ́?"

N kò mọ nǹkan kan nípa igi, bó ṣe sọ gan-an ni, aṣọ ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọ̀ ọ́ lára. Ilẹ̀kùn àti àga ló mọ̀ ọ́n kàn, kò kan àjà rí. Ohùn igi ló ń wá nígbà tó ń kan ìka mọ́ wọn, kò bi ara rẹ̀ pé kí ló gba ohùn lẹ́nu àwọn tó kù. Kòkòrò ló ti jẹ inú wọn.

"Mo fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa gbé ìyá ẹ," ó ní.

Mo sọ̀kalẹ̀ lórí àpótí bí ẹni ń sọ̀kalẹ̀ lórí ẹyin, mo jáde, mo sì lọ pe bíríkìlà. Ó ti ń múra àwàdà rẹ̀ sílẹ̀ bó ti ń bọ̀, ó ti ya ẹnu láti bèèrè ọmọ. Ó wọlé, ó wòkè, ó pa ẹnu dé. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ, àfi bíi pé ohùn lè wó ilé.

"Òpó la máa fi tì í," ó ní. "Ṣùgbọ́n a ò lè máa gbá òpó wọlé pẹ̀lú Ìyá lókè. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé wọn kúrò níbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká lọ gbé wọn," mo ní.

"Èmi kọ́ o. Tí mo bá fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, ó parí." Ó wo ara rẹ̀, ó wo bàbá mi, àwọn méjèèjì sì wá wò mí.

Bí títín-ín-rín mi ṣe wúlò lọ́jọ́ kan rèé. Bíríkìlà ní bíríkì ló gbé àtẹ̀gùn dúró, òun lè dúró dè mí lórí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí bàbá mi jáde sí títì. Bàbá mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ti fi èjìká ti fèrè gíga náà, ó fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra.

"Bó bá máa wó, orí mi ni kó wó sí."

Mo gòkè. Ẹnu ọ̀nà yàrá náà kò jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n lójú mi lọ́jọ́ náà, ó jìnnà. Ìyá mi la ojú sílẹ̀, ó ń wo ògiri. Mo gbé ẹsẹ̀ kan wọlé.

"Má gba àárín," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, láìyíjú padà. "Gba ẹ̀gbẹ́ ògiri."

Mo dúró. "Ìyá mi, ẹ mọ̀?"

"Mo gbọ́ ayùn lábẹ́ mi lọ́jọ́ tí o gbé aṣọ lọ. Mo gbọ́ bó ṣe ń gé e, tó ń fà á jáde. Bẹ́ẹ̀dì yìí rì díẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò yí padà."

"Ẹ jẹ́ kí ìhà yín fẹ́ di egbò, ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Tí mo bá yí padà, ó máa ń ké. Bàbá ẹ ló sì wà lábẹ́ mi." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé oúnjẹ wà lórí iná. "Ibo ló wà báyìí?"

"Ó wà nísàlẹ̀. Ó di fèrè mú."

"Sọ fún un kó jáde. Tí kò bá jáde, mi ò ní mira."

Mo rọra sọ ọ́ fún bíríkìlà lẹ́nu ọ̀nà, òun sì sọ ọ́ sísàlẹ̀. Èsì padà wá pé bàbá mi ní òun kò ní kúrò lábẹ́ rẹ̀ títí wọn yóò fi gbé e kúrò. Mo sọ fún ìyá mi. Ìyá mi ní ó dáa, kí gbogbo wa máa wo ara wa. Ilé ń wó lọ, àwọn méjèèjì ń ṣe fárígá sí ara wọn bí ọjọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Ẹ̀rù ń bà mí, inú sì ń bí mi.

"Bàbá," mo gbóhùn sókè díẹ̀ sí ilẹ̀ pákó, mo mọ̀ pé yóò gbọ́, "èmi náà wà lórí ẹ̀ o. Ọmọ yín náà wà lórí ẹ̀."

Lẹ́yìn náà, a gbọ́ ohùn rẹ̀ láti títì, lábẹ́ fèrèsé.

"Mo ti jáde o, Ìyá. Mo ti jáde."

Ìgbà náà ni ìyá mi tó na ọwọ́ sí mi. Mo di etí fọ́ọ̀mù tó dùbúlẹ̀ lé mú, mo fà á sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì ń wọ́ ọ tòun ti ìyá mi lẹ́bàá ògiri. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ ti ògiri láti ràn mí lọ́wọ́. Nǹkan kan dún pákà lábẹ́ wa. Mo dúró, mo di ojú, mo ń retí. Ìyá mi ní, "Máa fà." Mo fà á. Ọwọ́ ńlá bíríkìlà wọlé láti ẹnu ọ̀nà, ó gbé e bí ẹni gbé ọmọ, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Èmi jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Òpó ti wà ní pálọ̀ wa báyìí, wọn kò rẹwà rárá, aṣọ ni mo máa ń fi kọ́ sára wọn. Pálọ̀ náà ni bẹ́ẹ̀dì ìyá mi wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù. Bàbá mi fẹ́ tú dùùrù náà palẹ̀ pátápátá, ìyá mi ní kò gbọdọ̀ kan án. Nítorí náà, ó kàn ń jókòó tì í, ó ń tún awọ ẹwìrì rẹ̀ lẹ̀, láìsúfèé.

Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n gbá òpó tó kẹ́yìn wọlé, ó wà nídìí iṣẹ́ yẹn, èmi sì ń rán aṣọ, ni nǹkan kan ké lójijì nínú ilé. Bàbá mi fò dìde. Ó gbójú sókè, ó na ọwọ́ méjèèjì láti gbé àjà dúró.

"Èmi ni," ìyá mi ní. "Mo yí padà ni."

Bàbá mi sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo sílìn, ó tún wo bẹ́ẹ̀dì. Èmi kò sọ ohun tí mo gbọ́ lókè fún un, ìyá mi kò sì sọ. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ti yé e.

"Láti ìgbà wo ni o ò ti yí padà?" ó bi í.

"Láti ìgbà tí ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀ sí súfèé."

Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, níbi tó dúró sí. Ìyá mi tún yí padà sí ìhà kejì, bẹ́ẹ̀dì sì tún ké.